Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Kúbúrá Lórí Ọ̀pá Ìwọ̀

“Taofeeq, tí Kúbúrá bá bèèrè, sọ fún un pé ó di ọ̀la.”

Ohun tí Bàbá Muhyideen sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ilé wọn ní Angwan Rogo, nílùú Jos, ni mo gbé dàgbà. Ìyá Kúbúrá ni ìyàwó wọn; Kúbúrá ni orúkọ Ìyá fúnra wọn. Nígbà tí mo jíṣẹ́ náà fún Ìyá, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sunkún.

Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ni Ìyá ń bèèrè. Ọjọ́ ìgbéyàwó Rùkáyyàh ọmọ wọn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ yẹn. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló tún mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ìyá ní ẹ̀gbà ọrùn kan tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀. Lántànà ni, òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin máa ń lọ̀, tí wọ́n máa ń lu ihò sí, láyé àtijọ́. Ìyá wọn kú ní Ìlọrin nígbà tí wàhálà ìlú Jos dí gbogbo ọ̀nà, wọn ò lè lọ síbi ìsìnkú. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nìkan ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kéékèèké wà lápá ọ̀tún àti òsì, ńlá kan wà láàárín. Wọ́n ti pinnu pé ọrùn Rùkáyyàh ni yóò wà lọ́jọ́ ìyàwó. Àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ṣí àpótí. Ńlá àárín kò sí níbẹ̀.

Ilé dàrú. Àwọn obìnrin ká ẹní, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n da gàrí inú ike sórí tíréè, wọ́n ń fọwọ́ tú u wò. Bàbá náà ń bá wọn wá a. Bàbá mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n wo inú bàtà àlejò, wọ́n ń mí kanlẹ̀. “Nǹkan ìyá èèyàn ò yẹ kó sọnù báyìí,” ni wọ́n ń sọ. Bàbá yìí kan náà ló ní kí wọ́n yẹ ẹnu ewúrẹ́ wò.

Ibi tí wọ́n ti ń la ẹnu ewúrẹ́ ni oòrùn ti bọ́ sí igun àgbàlá. Ọ̀pá ìwọ̀ Bàbá fara ti ògiri níbẹ̀. Orí rẹ̀ tàn yòò, ó pọ́n. Ìyá gbójú sókè.

“Bàbá Rùkáyyàh, kí ló ń pọ́n lórí ọ̀pá yẹn?”

Bàbá pa tọ́ọ̀ṣì. “Ẹ rí i bí? Mo ṣáà mọ̀ pé kò lè sọnù.”

Rùkáyyàh fi ṣéènì lásán lọ sílé ọkọ. Bàbá kò tú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù tí àwọn fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì gbẹ, pé tí èèyàn bá fà á nísinsìnyí, yóò ya ọ̀pá. Kí Ìyá ní sùúrù di ọ̀la.

Òwú ìránṣọ ni Bàbá ń tà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, wọn ò ní dárúkọ òwú. Ẹja ni wọ́n máa sọ. Wọ́n máa ń lọ sí àwọn adágún tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ní Rayfield, wọ́n á ju ìwọ̀, wọ́n á jókòó títí òtútù á fi lé wọn wálé. Àwọn ọmọ Hausa àdúgbò sọ wọ́n ní Mai Kifi, ìyẹn ẹlẹ́ja. Ẹja náà ni ẹnì kankan kò rí.

Bàbá ò gbà pé ẹja ló ń sá fún àwọn. Òrùka ni wọ́n ń bá jà. Àwọn òrùka kéékèèké tó tò lára ọ̀pá, tí okùn ìwọ̀ ń gba inú wọn kọjá. Iyẹ̀pẹ̀ adágún máa ń lẹ̀ mọ́ okùn, okùn á wá máa jẹ òrùka bí ayùn. Tó bá pẹ́, ilà tín-ínrín á wà nínú òrùka. Ilà yẹn náà á wá máa rẹ́ okùn. Tí ẹja bá fà, okùn á já.

Ojú kì í rí ilà náà. Bàbá ní ìborùn sílíìkì ló ń rí i. Wọ́n á mú ìborùn Ìyá, wọ́n á fa etí rẹ̀ gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òwú ìborùn bá ti yọ, okùn ti jẹ òrùka ibẹ̀ nìyẹn.

“Bàbá Rùkáyyàh, kí ló ń jẹ ìborùn mi?”

“Òrùka kejì láti òkè.”

Wọ́n gbìyànjú o. Wọ́n tẹ wáyà agboòrùn, wọ́n fi òrùka kọ́kọ́rọ́ ṣe é, wọ́n yọ òrùka kọ́tìnì pálọ̀. Wọ́n á fi òwú ṣọ́ọ̀bù wé e mọ́ ọ̀pá, wọ́n á kùn ún ní fáníìṣì. Kò ní pẹ́ tí okùn á fi tún jẹ ẹ́. Ti orí ọ̀pá gan-an ló burú jù, torí ibẹ̀ ni okùn ti ń tẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí pé bàbá àwọn ń lọ lántànà ní Ìlọrin. “Okùn wo ló fẹ́ jẹ òkúta?” Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró kí Ìyá jáde lọ bá abiyamọ kan yọ̀, wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n fi wáyà ṣe ìtẹ́ fún ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n wé e mọ́ orí ọ̀pá, okùn wá ń gba ihò rẹ̀ kọjá.

Ohun tó dun Ìyá jù ni pé ó ṣiṣẹ́. Okùn kò já mọ́. Ẹja nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ẹja kan wà tí Bàbá ní ó já okùn mọ́ àwọn lọ́wọ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ tó débẹ̀. Òun ni wọ́n ń wá. Ọ̀rẹ́ wọn ni Alfa Yàkúbù, èèyàn Ìlọrin bíi tiwọn. Alfa ti gbọ́ ìtàn ẹja yẹn débi pé wọ́n lè bá Bàbá parí rẹ̀. Ẹja ọ̀hún ń dàgbà ni. Ó kọ́kọ́ gùn tó apá. Ó wá gùn tó kí èèyàn na ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí làkúrègbé wá mú èjìká Bàbá, tí apá ọ̀tún kò nà mọ́, ẹja ò torí ìyẹn kúrú.

“Alfa, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀n-ẹ́n. Láti ìka mi dé ìka yín.”

“Haba, Muhyideen. Ẹja yìí ga jù mí lọ.”

“Ẹ̀yin náà ò kúkú ga.”

Ọdún Iléyá kì í kọjá kí Ìyá má bèèrè. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn na àtẹ́lẹwọ́. Ọdún kan, wọ́n ní Rùkáyyàh ti bímọ obìnrin, pé àwọn kò fẹ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ tó ní àlàfo fún ọmọ ọmọ. Ohùn wọn yí padà. Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá gbé ẹja yẹn wọlé, ọjọ́ náà ni màá tú u fún ẹ.”

“Níwájú Alfa?”

“Níwájú Alfa.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá gbé ẹja wọlé. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n bọ́ fìlà. Ìyá wò ó. Wọ́n fi ìka kàn án.

“Rayfield lẹ ti pa eléyìí?”

“Ọwọ́ mi yìí náà ni.”

“Titus ni. Ẹja òkun.”

“Omi lomi ń jẹ́.”

“Yìnyín wà lára rẹ̀.”

“Ìwọ náà mọ̀ pé Jos tutù.”

Ìyá kò bá wọn jiyàn mọ́. Wọ́n ní kí n lọ pe Alfa. Alfa dé, wọ́n jókòó. Ìyá na àtẹ́lẹwọ́. “Ẹja ti dé. Alfa náà ti dé. Ìlẹ̀kẹ̀ mi dà?”

Bàbá wo ẹja. Wọ́n wo ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n wo Alfa.

“Ọjà ni mo ti rà á,” ni wọ́n wí.

A jẹ ẹja náà. Ó dùn. Bàbá ní tí èyí bá lè dùn báyìí, kí a wá ro ti adágún wò.

Bàbá ń lọ sí adágún bẹ́ẹ̀ títí àyà fi ń dùn wọ́n, tí dókítà ní kí wọ́n jìnnà sí òtútù. Wọ́n tún lọ. Mo bá wọn gbé àga. Ní ọjọ́ tí a lọ gbẹ̀yìn, nǹkan kan fa okùn náà lóòótọ́. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Ìlẹ̀kẹ̀ dúró, okùn dúró. Èémí Bàbá ni kò dúró. Wọ́n ní kí n gbà á. Kí n tó di ọ̀pá mú dáadáa, ẹja ti tú ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ní, “Ìwọ náà ti rí i báyìí. Bí wọ́n bá bi ẹ́, báwo ló ṣe gùn tó?”

Mi ò rí i. Omi ni mo rí. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì.

A sin Bàbá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn Hausa àdúgbò wá, wọ́n ń sọ pé, “Allah ya jikan Mai Kifi,” ìyẹn kí Ọlọ́run ṣàánú Ẹlẹ́ja. Ẹnì kan rọra bi mí bóyá wọ́n padà rí ẹja yẹn pa. Alfa Yàkúbù ló dá a lóhùn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò na ti òsì. Wọ́n wá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Ìyá pè mí.

“Taofeeq, lọ bá mi tú u.”

Mi ò fẹ́ tú u. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ bọ́ fìlà lórí wọn. Ṣùgbọ́n ohun ìyá Ìyá ni. Mo mú réésà, mo gé òwú tí Bàbá wé. Wọ́n wé e le. Mo tan àbẹ́là, mo fi yọ́ gọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ títí ìtẹ́ wáyà fi là. Ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gbóná. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún Ìyá.

Ìyá gbé e sí ojú fèrèsé. Ibi tí okùn ń gbà kọjá láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti dán bí dígí. Àwọn tó kù nínú àpótí kò dán tó bẹ́ẹ̀.

“Wò ó,” Ìyá wí. “Wọn ò rí ẹja pa. Òkúta ni wọ́n ń bá mi dán.”

Wọ́n sín in padà sí àárín. Opó ni wọ́n, wọn ò tíì lè wọ ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n kó o lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ńlá àárín yẹn. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, mo jáde.

Orí ọ̀pá wá ṣófo. Mo wá òrùka irin kan, mo fi sáńpépà dán inú rẹ̀, mo fi òwú ṣọ́ọ̀bù wé e mọ́ ọ̀pá. Wíwé tèmi kò le tó tiwọn. Okùn á jẹ irin náà. Tó bá jẹ ẹ́, màá pààrọ̀ rẹ̀.

Mo kun fáníìṣì. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ṣàn, yóò wú sápá kan. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọ̀pá lé orúnkún, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀.