Ohùn Ìyá Agnes Lórí Fesibúùkù

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Abọ́dúnrìn.

Ọmọ Ìkirè ni, ní Ọ̀ṣun. Yàrá kan ló gbà ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, lẹ́yìnkùlé Àlájà Wàsílátù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò níyàwó. Ó kù díẹ̀ kó ní nígbà kan, àmọ́ bàbá ọmọbìnrin náà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Abọ́dúnrìn ṣàlàyé títí. Bàbá mirí, ó ní òun ti gbọ́. Wọn ò ránṣẹ́ pè é mọ́.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà ò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọjà ọlọ́jà ló ń polówó. Ọlọ́jà wà níbì kan, ẹni tó máa rà á wà níbòmíràn, Abọ́dúnrìn wà láàárín pẹ̀lú fóònù. Ó ń sanwó fún Fesibúùkù kí wọ́n lè gbé ìpolówó rẹ̀ síwájú àwọn èèyàn. Ẹni tó bá wù á tẹ̀ ẹ́, á sì bọ́ sí Wáàsáàpù Abọ́dúnrìn. Bí onítọ̀hún bá rà, ọlọ́jà á yọ ti Abọ́dúnrìn fún un. Bí kò bá rà, owó ìpolówó ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń dá a padà. Alágbàtà ni. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe alágbàtà kí a tó bí wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé alágbàtà inú ọjà máa ń rí ojú èèyàn.

Abọ́dúnrìn kì í rí ojú ẹnì kankan. Ó lè jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kó bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀, kó má lanu lẹ́ẹ̀kan. Ìka ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí Àlájà bá wá fa omi tí Abọ́dúnrìn fẹ́ kí i, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ há, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì.

"Dúnrìn, ṣé kì í ṣe Yahoo lò ń ṣe nínú yàrá yìí ṣá?" Àlájà a máa bi í.

"Rárá o, Àlájà. Òróró orúnkún ni mò ń tà."

"Òróró dà? Mi ò rí ìgò kan lọ́wọ́ ẹ rí."

"Ìbàdàn ló wà."

"Òróró wà n'Íbàdàn, ìwọ wà n'Ígbògbò, orúnkún tó ń dunni wà ní Sókótó. Ó dáa. Ọlọ́run á bá wa sọ́ ọ." Á rẹ́rìn-ín, á gbé korobá rẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ míràn, ọ̀rọ̀ tí Abọ́dúnrìn bá èèyàn sọ láti àárọ̀ dalẹ́ ò ju ìyẹn lọ.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kabir ló ń po òróró náà n'Íbàdàn. Òun àti Abọ́dúnrìn ò tíì fojú kanra rí.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn ni Abọ́dúnrìn ń kọ. Ó kọ ọ́ pé ìtura ti dé, pé ìrora ti di ohun ìgbàgbé. Ó fi àwòrán òyìnbó kan tó yọ eyín síta sí i. Owó ìpolówó ń jóná, ẹnikẹ́ni ò rà. Èèyàn tí orúnkún ń dùn kì í wá ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹni tó ti dùn rí ló ń wá.

Kabir ní kó wá àgbàlagbà kan tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Abọ́dúnrìn wá a n'Ígbògbò, kò rí. Èyí tó bá rí, ó fẹ́ kọ́kọ́ lọ wé gèlè. Ẹnì kan wá sọ fún un pé àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ni orúnkún ń bá jà jù, nítorí ìlóṣòó. Ó wọkọ̀ Ìtòíkin, ó wọ òmíràn ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó gun ọ̀kadà wọ Ejinrin. Ibẹ̀ ló ti bá Ìyá Agnes pàdé.

Ìlàjẹ ni Ìyá Agnes, opó ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kó wọn dé etí ọ̀sà yẹn ló ti ń yan ẹja. Orí àpótí gíga ló jókòó sí nídìí ààrò, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ bí igi àjẹ̀. Abọ́dúnrìn fún un ní ìgò òróró kan, ó ní òun á padà wá. Nígbà tó padà dé, ìyá náà ti lóṣòó. Abọ́dúnrìn yọ fóònù.

"Màmá, ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

"Kí n sọ ọ́ fún ta?"

"Fún gbogbo ayé."

"Ṣé gbogbo ayé ni orúnkún ń dùn ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí èéfín fi wọ̀ ọ́ lọ́fun. Nígbà tó wúkọ́ tán, ó kọjú sí fóònù bíi pé aládùúgbò rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. "Èmi ò mọ ohun tó wà nínú òróró yìí o. Mo fi pa á. Mo lóṣòó. Tí tìẹ bá ń dùn ẹ́, wá rà á. Tí kò bá dùn ẹ́, máa bá tìẹ lọ."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abọ́dúnrìn gé ìyókù kúrò, ó gbé e sórí Fesibúùkù. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó tà n'Ílọrin, ó tà l'Ákùúrẹ́, ó tà dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní Kánò. Àwọn kan kì í tilẹ̀ béèrè òróró. Wọn á ní kó bá àwọn kí ìyá yẹn.

Abọ́dúnrìn náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá. Ìyá ní kì í ṣe ìyẹn lòun ń retí. Ó ti sọ fún un lọ́jọ́ tó gba ohùn sílẹ̀: "Tó o bá ń bọ̀ nígbà míì, má jẹun wá. Màá ro púpurú fún ẹ. O rù." Abọ́dúnrìn ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀.

Kò lọ.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wọn: ìpolówó tó bá ń mówó wọlé, a kì í fọwọ́ kàn án. Bí o bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, Fesibúùkù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí àlejò tí kò mọ ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà Abọ́dúnrìn kò nílò ohùn tuntun, kò sì nílò Ejinrin. Láràárọ̀ ló ń tẹ ìpolówó náà kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìnídìí. Á ti máa gbọ́ ọ bó ṣe ń fọ eyín. "Máa bá tìẹ lọ." Òun náà á ní, "Ó dáa, Màmá," á da omi ẹnu nù. Ẹni tí à ń gbóhùn rẹ̀ lójoojúmọ́, èèyàn kì í rántí pé òun ò rí i. Òjò dé, ọ̀nà bàjẹ́. Òjò lọ. Lójú Abọ́dúnrìn, àná ló kúrò ní Ejinrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó dé, ó yẹ Wáàsáàpù wò. Oníbàárà kan ti kọ̀wé sí i: *Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín ní ohùn yìí? Ìyá mi ni. Wọ́n ti kú.*

Ìdáhùn kan wà tí Abọ́dúnrìn ti tò sínú fóònù kí oníbàárà má bàa dúró pẹ́. Fóònù ti fúnra rẹ̀ dáhùn nígbà tí kò sí nílé: *Ẹ káàbọ̀ o! A dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa. Ìgò mélòó ni ká gbé wá fún yín?*

Ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró síbẹ̀, ọ̀kan wà lábẹ́ ìkejì.

Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin wọlé. "Ìgò mélòó? Èmi ni ò ń bi ní ìgò mélòó? Mo wà lọ́jà, mò ń ka ẹja sílẹ̀ fún obìnrin kan, ó tẹ fóònù ẹ̀, ni mo gbọ́ Màmá lẹ́yìn mi. Mo ju ẹja sílẹ̀. Mò ń wò kiri bíi wèrè. Ìwọ, ẹni yòówù kó o jẹ́, òkú kì í polówó ọjà. Yọ ìyá mi kúrò níbẹ̀!"

Abọ́dúnrìn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Kabir, ó ro ó fún un.

"Áà, ikú dóró," Kabir wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ lo pa á?"

"Rárá."

"Ṣé òróró wa ló pa á?"

"Èèyàn kì í fi òróró orúnkún kú, Kabir."

"Ó tán nìyẹn. Fi í síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ á sunkún tán, á dákẹ́. Bó o bá yọ ọ́, kí lo fẹ́ fi tà? Òyìnbó eléyín? Gbọ́, bó o bá yọ ọ́, màá gbé òróró mi fún ẹlòmíì. Mo ní ilé tí mò ń bọ́."

Ó rọrùn láti yọ ọ́. Ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀, kò ju èékánná lọ. Abọ́dúnrìn gbé ìka síbẹ̀. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó yẹn ló ń sanwó ilé, òun nìkan ló ní tó ń ṣiṣẹ́. Ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ti owó ilé nìkan. Bí ohùn yẹn bá dákẹ́, yàrá náà dákẹ́ nìyẹn. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó wọkọ̀ Ìtòíkin.

Agnes ló bá nídìí ààrò. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ó ju Abọ́dúnrìn lọ lọ́jọ́ orí, aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni Ìgò Mélòó?"

Abọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. "Èmi ni, mà. Ẹ máa bínú. Mi ò mọ̀. Ìgbà wo ni Màmá...?"

"Nígbà òjò. Ibà ni, kò pẹ́ lára wọn. Dìde, o ti kó eérú." Agnes yí ẹja kan padà lórí ààrò. "Ìwọ náà ni ọmọkùnrin tó ń bọ̀ wá jẹ púpurú nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Màmá ń ro tìẹ sọ́tọ̀. Mo ní, Màmá, ọmọ Ìkòròdú ti tàn yín. Wọ́n ní rárá, pé ó ń bọ̀. Ajá ló ń jẹ ẹ́."

"Mò ń gbọ́ ohùn wọn lójoojúmọ́," Abọ́dúnrìn wí.

"Àwọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbọ́ tìẹ?"

Abọ́dúnrìn gbọn eérú kúrò lára. Ó yọ fóònù, ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han Agnes.

"Bí mo bá tẹ ibí yìí, ó parí."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún, kò sì mì.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Ìyẹn náà nìyẹn?" Ó dà bíi pé ó ti ń retí nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ iná tí kò nílò fífẹ́.

Abọ́dúnrìn yẹ kó máa lọ nígbà yẹn. Ó ní, "Àǹtí, díẹ̀ ni mo gé sórí Fesibúùkù. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Abọ́dúnrìn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ìyá ló kọ́kọ́ jáde, ikọ́ èéfín tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ òróró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òróró parí, ohùn ìyá lọ sókè lójijì: "Agnes! Agnes o! Lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí ẹja! Ọmọ yìí, ṣé etí ẹ di ni?"

"Mò ń bọ̀, Màmá," Agnes dáhùn.

Ó ti dìde kó tó mọ̀. Ó dúró níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, kò sí ewúrẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí gíga ìyá rẹ̀, ó fi ìró bojú. Abọ́dúnrìn wo ọ̀sà. Ọkọ̀ kan ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ó jìnnà.

"Tún un ṣe," Agnes wí. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí Agnes fi nu ojú rẹ̀.

"Fi í ránṣẹ́ sí mi."

Ó fi í ránṣẹ́. Fóònù Agnes dún nínú àpò ara ìró rẹ̀.

"Ó wọlé. Ó yá, pa tìẹ rẹ́."

Abọ́dúnrìn gbójú sókè.

"Mi ò bá ẹ jà mọ́," Agnes wí. "Ṣùgbọ́n ohùn ìyá ẹni kì í gbé ọwọ́ alágbàtà. Bí ìwọ bá fẹ́ ìyá, o mọ ọ̀nà Ejinrin nígbà tí wọ́n wà láàyè."

Òótọ́ ni. Abọ́dúnrìn pa á rẹ́. Èyí pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí fóònù bi í bóyá ó dá a lójú.

Nígbà tó ń lọ, Agnes pè é padà. "Màmá ní kó o má jẹun wá. Ṣé o jẹun?"

"Rárá, mà."

"Èmi ò ro púpurú lónìí." Ó mú ẹja yíyan kan, ó fi bébà wé e, ó nà án sí i. Kò sọ pé kó tún padà wá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé Ìgbògbò. Àlájà wà nídìí kànga.

"Dúnrìn! Ìwọ lo jáde láti àárọ̀? Mo kan ilẹ̀kùn ẹ títí."

"Mo lọ kí ìyá kan ní Ejinrin ni, Àlájà."

"O ṣeun. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti kú."

Àlájà gbé korobá sílẹ̀, ó wò ó. "Ọlọ́run á kẹ́ wọn," ó wí. Ó fẹ́ bi í ní nǹkan míì, àmọ́ Abọ́dúnrìn ti wọlé.

Wáàsáàpù kò dún. Kabir ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń bá a tajà. Búrẹ́dì àárọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èèrà ti bò ó. Ó kó o dànù, ó bu omi.

Gàrí ló mu lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹja tí Agnes fún un.