Ìyàwó Tí Dádì Fẹ́ Láti Súwídìn

Inú kọ́ńténà ni ìyàwó kékeré ti wọlé wa ní Ìbà. Dádì, tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ l'Álàbà, ra giramafóònù àtijọ́ kan mọ́ àwọn fìríìjì, ló bá bá àwo orin kan nínú ẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan ń rẹ́rìn-ín lára páálí àwo náà, eyín funfun báláú. Ará Súwídìn ni. Dádì ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń kọ, àmọ́ bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó tì í, á dijú, á máa mi orí bí ẹni tó lóye. Ó ní ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù.

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ohùn o. Mọ́mì ló máa ń lé orin ní kwáyà ìjọ aláṣọ funfun l'Ókokomáíkò kí wọ́n tó fẹ́ra. Ìgbà tí wọ́n bí mi tán, Dádì ní ìyàwó ilé kì í dúró níwájú ọkùnrin kó máa lanu. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ló ti ń kọrin látìgbà náà.

Mọ́mì ò bá àwo jà. Ó kàn sọ obìnrin náà ní Ìyàwó, torí òun ni ìyáálé. Bí ẹ̀wà bá wà nílẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi pe Ìyàwó kó wá ṣà á." Inú Dádì ń dùn, ó rò pé Mọ́mì ń jowú nítorí òun ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n wá ìtàn olólùfẹ́ òun lórí fóònù, kí n kà á sókè. Mo kà á. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ló ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn onílù ijó tó gbọ́ ohùn ẹ̀. Rédíò gbé e, sinimá gbé e, gbogbo ìlú ń jó sí i. "Ṣé ẹ rí i?" ni Dádì wí, àfi bíi pé òun ni mánẹ́jà ẹ̀. Mo kà á lọ: ó lọ́kọ, ọkọ ní orin yẹn tó gẹ́ẹ́, kó wá jókòó sílé. Ilé ìdáná ló ti ń kọrin títí tó fi kú.

Mọ́mì wo páálí yẹn pẹ́. "Orogún mi," ó ní, "ìwọ náà?"

Dádì ní ìkà ni ọkọ yẹn, ta ló ń ti irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé ìdáná. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ó na ìka kan sí ọkọ ará Súwídìn náà, ó gbàgbé mẹ́ta tó kọjú sí òun. Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sọ́ńdè, Mọ́mì yọ sùtánà kwáyà ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ó ti há a níkùn. Dádì bi í pé kí ló dé, ó ní òun ń lọ kọrin. Dádì ní ta ló máa wá gbé oúnjẹ fún òun.

Mọ́mì ti dé ẹnu géètì kó tó dáhùn.

"Ìyàwó yín wà nílé," ó ní. "Ẹ sọ fún un kó bù ú fún yín."