Eérú Nínú Àgbàdo Ìjọba

Bí èèyàn bá fún tíṣà ìtàn wa ní Ṣakí ní mọ́sà, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó dúpẹ́. Bí ó ṣe ń kọ́ wa nípa àwọn ọba Ṣáínà ayé àtijọ́ náà nìyẹn.

"Bí ìyàn bá mú, aráàlú á ní Ọ̀run ti kọ ọba. Ẹ̀rù kí oyè má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò mú un ṣí àká. Ẹ máa bi í pé oko ta ni ọkà náà ti wá."

Lọ́dún tí ọ̀dá jó oko wa, olóṣèlú kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì kó àgbàdo wá. Ó ní ìjọba rà á láti òkè òkun. Tíṣà ti ọwọ́ bọ inú àpò àgbàdo náà. Eérú ló bá a jáde, pẹ̀lú ata gbígbẹ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

"Àlàájì, ṣé òyìnbó náà ń fi eérú sí àgbàdo ni?"

"Ẹ ṣáà gbé igbá yín wá, Tíṣà."

Ìyá mi ń wo ọkọ̀ tó kó àgbàdo náà wá. Ọkọ̀ yẹn kan náà ló wá kó àgbàdo inú àká wa ní owó pọ́ọ́kú kí ọ̀dá tó dé. Ìyá mi gbé igbá rẹ̀ síwájú, ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣàdúrà kí ipò Àlàájì pẹ́, kò ṣe àmín.