Orúkọ Tí Mo Sọ Kọ̀ǹpútà Mi ní Rumuigbo

Bí mo bá ti gbóòórùn bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun, ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ẹnu géètì ọ́fíìsì wa ní Port Harcourt ni wọ́n ti ń sun ún, ọ̀gá wa obìnrin, ọmọ Ikwerre, a sì máa rà á fún gbogbo wa ní àárọ̀ Mọ́ńdè kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀, ó ń tiro. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wá láti ilé la máa ń pè é ní Ìyá Atiro, níṣojú rẹ̀ gan-an nígbà mìíràn, torí a gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi àwa méjèèjì. A gbàgbé pé ògiri létí. Obìnrin yìí kan náà ló ń sáré kiri kí wọ́n lè fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì rẹ̀, ìfọwọ́sí rẹ̀ ló kù.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Èmi ni mo ṣòfin pé orúkọ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń hàn sí àwọn yòókù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ àti nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé láptọ́ọ̀pù mi délé ní Rumuigbo, níbi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń fi fíìmù ránṣẹ́ síra wa láti yàrá dé yàrá, mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà fún ẹ̀fẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ kan, IYA-ATIRO ni mo sọ ọ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tílẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, mo gbàgbé láti dá a padà.

Nígbà ìpàdé, ọ̀gá ní kí n fi projẹ́kítọ̀ gbé ìròyìn iṣẹ́ sára ògiri kí gbogbo wa rí i. Mo ṣí àkójọ àwọn kọ̀ǹpútà kí n lè mú èyí tí ìròyìn náà wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹ̀ka àti nọ́ńbà ló tò lọ rẹrẹ, àfi ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ mi wolẹ̀.

“Who get this one? Wetin e mean?” ni ọ̀gá bi mí.

Mo ní tèmi ni, pé orúkọ ìyá mi àgbà ni. Nínú gbogbo rẹ̀, irọ́ yẹn ló dùn mí jù. Ó mi orí, ó ní ká máa bá ìpàdé lọ.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó ní kí n dúró. Yorùbá tó fi bá mi sọ̀rọ̀ dá ṣáká ju tèmi lọ.

“Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ó ti tó ogójì ọdún báyìí. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti mú mi, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ iléèwé ti ń pè mí ní Atiro. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo fi orúkọ yẹn sílẹ̀ sí.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò wò mí. Ó fa lẹ́tà mi jáde, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ọdún méjì gbáko ló ti ń gbọ́ wa, tó sì ń ra bọ̀ọ̀lì fún wa.

Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni láptọ́ọ̀pù mi ń jẹ́ báyìí, níbikíbi tí mo bá gbé e dé. Lọ́jọ́ náà, yíyí orúkọ rẹ̀ padà kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tí mo gbé padà fún obìnrin náà lẹ́yìn ogójì ọdún ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.