Àmín Tí Dádì Wa Ṣe

Ìró téèpù ni. Téèpù tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu páálí, tó máa ń ké bí ẹni ń ya aṣọ tuntun. Mo wà nílé ọmọ mi, Ràlíà, ní New Cross nílùú òyìnbó níbí ní Sátidé tó kọjá, mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́, ni mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ràlíà, kí lẹ̀ ń dì níbẹ̀ yẹn?" Ó dá mi lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan o, Mọ́mì, a kàn ń to ilé ni." Ẹ gbà mí! Ta ló ń fi téèpù to ilé?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti gé ọjọ́ iṣẹ́ Kàmọ́rù ọkọ rẹ̀ kù, onílé sì tún ti fi kún owó ilé. Wọ́n wá rí ilé kan tí kò wọ́n ní ìlú kan lápá àríwá lọ́hùn-ún, ibi tí èèyàn máa wọ reluwé títí, tí á sùn, tí á jí, tí kò ní tíì dé. Ṣé kí wọ́n lọ ni, àbí kí wọ́n dúró? Wọn ò tíì mọ̀. Kàmọ́rù ní bóyá kí òun kọ́kọ́ lọ ná, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ máa bọ̀ tó bá yá. Gbólóhùn yẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ti gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa rí irú èyí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí nílé tiwa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, Wàsíù àbúrò mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ní Peckham là ń gbé, nínú fúláàtì káńsù kan, ilé ìjọba tí èèyàn ń háyà, lẹ́yìn títì ọjà Rye Lane, lókè pátápátá. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé wa gòkè kì í ṣiṣẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ ni. Mọ́mì mi ń di irun ní sàlúùnù kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníṣu. Bí o bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wàá gba àárín iṣu kọjá, wàá fò páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wàá fi imú gbọ́ pańla, kó o tó wá gbọ́ òórùn ìpara irun. Reluwé máa ń kọjá lórí afárá tó wà lókè ọjà, gbogbo gíláàsì á gbọ̀n, àwọn obìnrin tí wọ́n ń dirun fún á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti ibi tí wọ́n gbé e dé. Bí ilé ìwé bá ti jáde, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n gbọ́ ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

Dádì wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ìbùsùn fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó wọlé. Ní ọjọ́ ìsinmi wọn, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì èmi àti Wàsíù bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ki gbogbo etí aṣọ náà sábẹ́ fóòmù, á le pinpin. Bí a bá fẹ́ sùn, ńṣe là ń fi ejìká wọ inú rẹ̀, tí a ó wá wà níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé. Mọ́mì á ní, "Ẹ fẹ́ sé àwọn ọmọ yìí mọ́nú aṣọ ni?" Dádì á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ilé ìfọṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín iṣẹ́ kù. Wọ́n yọ ọjọ́ kan, wọ́n yọ òmíràn, ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ tí Dádì ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé wa yí padà. Ẹran dínkù nínú ọbẹ̀, a ń wọ súwẹ́tà nínú ilé, Mọ́mì ń di irun fún àwọn èèyàn nínú kíṣìnnì wa lẹ́yìn tí sàlúùnù bá ti padé. Ìdí abájọ rèé tí ọ̀rọ̀ kíkó lọ fi délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Dádì kan ní Ìwó ní ààyè wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Dádì ń wo ọ̀hún, Mọ́mì ń wo ilé ìwé wa. Wọ́n á sọ ọ́ díẹ̀ nídìí oúnjẹ, wọ́n á tún pa á tì. Wọn ò jà rárá. Wọn ò sì tíì fẹnu kò, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn: wọn ò tíì fẹnu kò.

Ìgbà náà ni Dádì lọ fọ̀rọ̀ lọ Alájì Mufu. Alájì ni olórí àsàlátù wa, tá a máa ń ṣe láràárọ̀ Sọ́ńdè nínú gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ ilé wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, n ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n sì máa ń gbọ́ tèèyàn. Àmọ́ etí wọn kúrú, ẹnu wọn gùn. Dádì rọra sọ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pé, "À ń rò ó pé bóyá ká padà sílé, sà." Alájì ò gbọ́ "à ń rò ó," wọn ò gbọ́ "bóyá." "Padà sílé" nìkan ni wọ́n gbọ́.

A parí wáàsí, itọ́ ń dà lẹ́nu wa torí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fẹ́ pín, ni Alájì gbé ohùn sókè: "Ẹ má tíì dìde o! Arákùnrin wa ń padà sílé pátápátá. Ẹ jẹ́ ká fi àdúà sìn wọ́n." Wọ́n pe Dádì síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ti rí nínú Yorùbá tó sọ fún àgbàlagbà tó ti tẹ́wọ́ àdúà pé "ẹ dúró ná"? Dádì kúnlẹ̀.

"Ọlọ́run á gbé yín délé láyọ̀."

"Àmín," ni Dádì wí.

"Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ."

"Àmín."

"Ilé á tura fún yín ju ibí lọ."

Gbogbo ilé ho, "Àmín!" Ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì ni mo jókòó sí níhà àwọn obìnrin. Mo wojú wọn. Ètè wọn padé típẹ́típẹ́.

Bá a ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sílé ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Mọ́mì ní, "Bàbá Wàsíù, ẹ wá ṣe àmín sí ìrìnàjò tí a ò tíì jọ sọ parí!" Dádì ní, "Àdúà ni wọ́n ṣe, wọn ò kúkú bú mi. Ṣé kí n wá kọ àdúà ni?" Mọ́mì ní, "Ẹ lọ bá wọn lọ́la, ẹ sọ pé ẹ ò tíì mọ̀." Dádì ní kò burú. Kò burú! Ọ̀rọ̀ tó ba ilé wa jẹ́ nìyẹn.

Nítorí pé kí ọ̀la tó mọ́ dáadáa, ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí: ẹnikẹ́ni tó bá ti ń lọ sílé, ó ti di ọkọ̀ akẹ́rù gbogbo ayé nìyẹn. Ìyá kan mú bàtà wá, pé ká bá òun fún ìyá òun. Ọkùnrin kan mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún bàbá rẹ̀. Mílíìkì dé, aṣọ ìgbéyàwó dé, ọ̀pá tí àgbàlagbà fi ń rìn dé. Ẹnì kan tó ń kọ́lé ní Ìwó gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá, aláwọ̀ osùn, pé irú rẹ̀ ò sí nílé. Dádì ń gbà á, wọ́n ń ní, "Kò burú, màá fi jíṣẹ́." Pálọ̀ wa kún dẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Wàsíù ń jókòó sórí ẹrù oníẹrù wo tẹlifíṣọ̀n. Wàsíù, tí kò ní làákàyè kankan nígbà náà, gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́rùn, ó ń jó kiri. A rẹ́rìn-ín títí. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì bẹ Dádì. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Wọ́n ní, "Ẹ kó o padà fún wọn. Èmi á bá yín lọ, ẹ̀yin ẹ ṣáà dúró lẹ́yìn mi." Dádì ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ti ṣàdúà fún mi, wọ́n ti gbẹ́rù fún mi, kí n wá ní mi ò lọ mọ́? Ojú á tì mí." Mọ́mì ní, "Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú." Nígbẹ̀yìn, Dádì ní kò sí wàhálà, kí àwọn nìkan lọ ná, kí àwọn fún oníkálukú lẹ́rù rẹ̀, kí àwọn sì wo bí nǹkan ṣe rí. Ká máa bọ̀ tó bá yá.

Ọjọ́ tí Dádì lọ, ilé wa ò gbèrò. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Gbogbo àwọn oníẹrù ló wá bá wa gbẹ́rù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣàdúà, wọ́n ń rán Dádì létí pé bàtà ìyá tàwọn ló wà nínú báàgì pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dádì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó le pinpin bí ti hòtẹ́ẹ̀lì. Mi ò wọ inú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ń sùn sí, nínú otútù, kó má baà tú. Mọ́mì rí i, wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn mú kóòtù wọn bò mí.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹrù yẹn ló dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá dé. Dádì wa nìkan ni kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wọn ò lọ déédéé. Ojú ń tì wọ́n láti padà wá lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn gbogbo àdúà yẹn, Mọ́mì ò sì lè fa àwa náà yọ nílé ìwé lọ bá ohun tí kò dúró. Ọdún ń gorí ọdún. A ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn á lọ, á bọ̀, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé ẹ jẹun?" Nínú gbogbo àwọn tó ṣe àmín, ta ló wá wo ohun tá à ń jẹ? Bí wọ́n bá pàdé Mọ́mì ní Rye Lane, ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé, "Ṣé Dádì Wàsíù bá mi fún màmá ní bàtà yẹn?" Mọ́mì á ní, "Wọ́n ti fún wọn, mà." Inú ń bí mi nígbà náà. Ó ṣì ń bí mi dòní, mi ò ní tan yín.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ kí Dádì tó padà. Irun wọn ti funfun. Wọ́n jókòó sí etí àga nínú pálọ̀ wa, wọ́n ń dúpẹ́ fún gbogbo nǹkan, fún tíì, fún omi. Àwọn àti Mọ́mì ń kí ara wọn bí àwọn tó jọ ń gbé àdúgbò. Òùngbẹ gbẹ wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n bi mí pé, "Ṣé mo lè ṣí fíríìjì yìí?" Àwọn ló ra fíríìjì yẹn. Mo ní, "Ẹ ṣí i, sà." Mo wá lọ sílé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Wọ́n ti lọ bá Ọlọ́run wọn báyìí, Mọ́mì náà sì ti lọ. Rye Lane ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí oníṣu wa wà tẹ́lẹ̀, kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, àwọn géńdé onírùngbọ̀n ló ń gbé e fún àwọn tó fi kọ̀ǹpútà dí gbogbo tábìlì. Iṣu ò tán ṣá o, ó kàn sún sísàlẹ̀ ni. Reluwé ṣì ń mi gíláàsì. Àwọn èèyàn wa náà ò yí padà: sọ fún ẹnì kan pé ò ń rò ó bóyá wàá kó lọ, kó o tó délé, gbogbo wọn lórí WhatsApp ti ń kí ẹ kú oríire. Àdúà náà ò burú. Mo ṣì ń ṣe àmín. Àmọ́ mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe é lé lórí.

Ní Sátidé yẹn, mo wọ yàrá lọ bá Ràlíà àti ọkọ rẹ̀. Kàmọ́rù sáré dìde láàárín páálí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì." Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ẹ lọ, kí gbogbo yín jọ lọ. Tàbí kí ẹ dúró, kí gbogbo yín jọ dúró, ẹ̀bà lásán la ó jọ máa jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun ń kọ́kọ́ lọ." Ràlíà ní, "Bá a bá wá jọ lọ ńkọ́, Mọ́mì? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù síbí."

Mo ní á dùn mí. Mo ní á dùn mí gan-an, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni mí. Bí ọkàn mi bá fà sí yín, màá wọṣọ, màá wọ reluwé, màá wá. Ọmọdé ni kò lè dá wọkọ̀ lọ wá bàbá rẹ̀.