Ọkọ̀ Olóbì Tó Ń Jóni Lẹ́sẹ̀

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Wahab, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ooru ẹwìrì bàbá rẹ̀ ló lé e kúrò nílé, tó fi wá kọ́ iṣẹ́ mekáníìkì ní Agége. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1956, ó ti ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù kan nítòsí ojú irin. Kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, àkísà ló máa ń mú, á máa fi nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún náà, ó nu ìka títí ó fi sú u, nítorí ọkọ̀ Ojúọlápé olóbì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ojúọlápé. Oko ló ti ń kó obì wá sí Agége, tí àwọn Hausa oníbàárà rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sókè Ọya. Ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó GRA Ìkẹjà kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ náà mọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tutù lóhùn. Kò pẹ́ tí Shuaib, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Wahab.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ń jó wa lẹ́sẹ̀. Obì tí a gbé síwájú, gbogbo rẹ̀ ló rọ.”

Wahab ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Omi kún inú rédíétọ̀, fáànù ń yí dáadáa. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ bóyá páìpù èéfín ló jò, kò jò. Ó wà á dé Ifákò, ó wà á padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nini. Síbẹ̀ ó fọ rédíétọ̀, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó ní kí Shuaib máa lọ.

Shuaib tún gbé e padà. Wahab tún wà á, kò gbóná. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ojúọlápé fúnra rẹ̀ ló bá a wá.

“Wahab, ṣé o fẹ́ ba òwò mi jẹ́ ni? Àlàájì oníbàárà mi dá obì padà fún mi. Ó ní obì bíbọ̀ ni mo kó wá.”

“Màmá, mo ti wa ọkọ̀ yìí fúnra mi. Kò gbóná.”

“Irọ́ ni mo ń pa, àbí?”

“Mi ò wí bẹ́ẹ̀, Màmá.” Ó mú àkísà. “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Wahab jókòó sẹ́yìn, wọ́n dorí kọ ọ̀nà Àgídìngbì. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ojúọlápé fi ní, “Shuaib, fa atẹ́gùn.” Shuaib na ọwọ́ sábẹ́ ibi tí aago ọkọ̀ wà, ó fa bọ́tìnnì kan jáde. Láìpẹ́, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

“Ṣé o rí i báyìí?” ni Ojúọlápé wí, tó ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀. “Fà á dáadáa, Shuaib.”

Shuaib fà á dé òpin.

“Màmá,” ni Wahab wí, “ta ló sọ fún yín pé atẹ́gùn nìyẹn?”

“Òyìnbó ló fi hàn mí. Ó ní òun ni kí n máa fà bí ojú ọjọ́ kò bá bá mi lára mu.”

“Shuaib, kí ló dé tí mi ò bá a ní fífà rí?”

“Màmá ní kí n máa tì í wọlé tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ má bàa bà á jẹ́.”

Wahab ní kí wọ́n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo koríko. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi rọ́bà méjì hàn wọ́n tó gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gbà á kọjá, ó ní, atẹ́gùn tó bá sì fẹ́ gba orí rẹ̀ á gbóná.

“Ta ni á gbé iná sínú ọkọ̀?”

“Ẹni tí òtútù fẹ́ pa ni, Màmá.”

“Yọ ọ́.”

“Bí Shuaib ò bá ṣáà ti fà á—”

“Mo ní kí o yọ ọ́.”

Wahab so ẹnu rọ́bà pọ̀, omi ò débẹ̀ mọ́. Obì ń dé Agége ní tútù, ó rò pé ọ̀ràn ti tán.

Nígbà tí òjò ńlá dé, Shuaib fẹsẹ̀ rìn wá bá a, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ìkùukùu ló bo gíláàsì iwájú lọ́nà Ọ̀tà, kò ríran, ọkọ̀ sì kó sí kòtò. Kò sí ẹni tó fara pa. Wahab wá ọkọ̀ àti okùn, ó lọ fà wọ́n jáde. Ojúọlápé dúró lábẹ́ agbòjò, ó ń wò ó.

“Kí lo ṣe sí ọkọ̀ mi?”

“Màmá, ooru yẹn náà ló ń gbẹ gíláàsì. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́.”

“O ò sọ fún mi pé báyìí ni yóò rí.”

Òótọ́ ni. Òun náà ò rò ó débẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú jù. Ó dá rọ́bà padà sí àyè rẹ̀ nínú òjò. Ó wá ní kí Shuaib má ṣe fà á àfi bí òjò bá ń rọ̀. Bí oòrùn bá mú, kí wọ́n yí gíláàsì ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ojúọlápé júwe Wahab fún àwọn olóbì yòókù, wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ tiwọn wá. Wahab kì í kọ́kọ́ ṣí bónẹ́ẹ̀tì mọ́. Á wọlé jókòó sẹ́yìn, á ní kí wọ́n máa wa òun lọ, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀.