Ìyá Onígìtá Fi Àgbọ̀n Ra Gìtá

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ ń béèrè aránṣọ obìnrin tó mọ ọrùn aṣọ gé, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ àbísọ kankan. Wọ́n á ní, "Áà, Ìyá Onígìtá lẹ ń wá nìyẹn." Àlejò á rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń ta gìtá, tàbí pé ó ní ọmọkùnrin kan tó ya olórin. Rárá o. Ọkọ rẹ̀, kó tó papò dà, kò lè pàtẹ́wọ́ kó bá orin mu. Òun gan-an ni onígìtá. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìdí máṣíìnì ló wà, tépù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá sì dé, á bọ́ tépù lọ́rùn, á gbé gìtá kọ́ ibẹ̀, á máa ta á fún àwọn tó ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti gbé gìtá yẹn rí kó tó kan òun, kò sì sí èyí tí wọ́n fi gìtá sọ lórúkọ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin náà mọ̀ ọ́n ta.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé gìtá náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n gbà á láyè kó máa gbé e lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n sípíkà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Gìtá oníná láìsí sípíkà, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó fa okùn, okùn á mì, ohùn ò ní jáde ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí lọ. Ká tiẹ̀ ní sípíkà wà, iná ńkọ́? Iná ilé wọn kì í jókòó. Bó bá yọjú tó kí wọn tán, ó ti ń dágbére. Ni Ìyá Onígìtá bá wá ọgbọ́n dá. Ó tẹ orí ba, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká gìtá, níbi tí igi rẹ̀ ti yọ síta bí ìwo, ó sì rí i pé ohùn ń gba inú igi bọ́ sínú egungun, ó sì ń gba inú egungun dé etí. Àwọn tó kù nínú yàrá ò gbọ́ nǹkan kan. Òun ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Bó ṣe kọ́ gìtá nìyẹn, ó fi àgbọ̀n kọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì bẹ̀rù òkùnkùn bí nǹkan míì. Bí iná bá ti lọ báyìí, ẹkún dé. Ìyá á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbé gìtá lé itan, ọmọ á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, á fi etí lẹ ẹ̀yìn gìtá náà pẹ́kípẹ́kí. Orin kan wà tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì nìkan. Orin Iná-lọ ni wọ́n ń pè é. Ìyá ń fi àgbọ̀n gbọ́ ọ, ọmọ ń fi etí gbọ́ ọ, títí oorun á fi gbé ọmọ lọ.

Ọmọ dàgbà, ó dé iléèwé. Obìnrin tó ń ta gìtá ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ẹnu ayé máa ń fi irú ìyẹn ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọmọ Onígìtá, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń kì í, wọ́n ń bú u ni. Lọ́jọ́ kan, ó délé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nǹkan yẹn kọ́rùn wá sí iléèwé wa mọ́." Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Onígìtá ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun ò bínú. Irọ́ ló ń pa, ó bínú gidigidi, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ọmọ tó ń sunkún jà? Ọmọ náà ò sì fi etí lẹ gìtá mọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ lọ sókè òkun, ó kàwé, ó rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Hòtẹ́ẹ̀lì kógbá sílé, wọ́n sì ta gìtá mọ́ àga àti tábìlì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, Ìyá Onígìtá ò rán aṣọ kankan. Láti ìgbà náà, gìtá ẹlòmíì ló máa ń yá bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ ọ, ó sì ń fi owó aṣọ pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí ọmọ wá ní kí ìyá wá kí òun lókè òkun, ó ti mọ gbogbo ohun tó fẹ́ rà fún un: kóòtù tó nípọn, bàtà tí kò ní ta á lẹ́sẹ̀, báàgì aláwọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rí tí wọ́n á figbe ta. Ìyá débẹ̀, ó ń mu tíì, ó jẹ́ kí ọmọ ka gbogbo rẹ̀ tán.

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ gìtá ni mo fẹ́ rà. Owó mi ni mo fẹ́ fi rà á."

"Gìtá, Màámi?"

"Gìtá oníná. Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á."

Ọmọ wo ìta láti ojú fèrèsé fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí kí òjò rọ̀ kó wá gbà á sílẹ̀. Òjò ò rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta awò ojú àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Aago kékeré kan dún lókè ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe wọlé. Wọ́n fi gìtá kọ́ gbogbo ara ògiri bí aṣọ tí oníbàárà ò tíì wá gbà, pupa, dúdú, búlúù, èyí tó ń dán àti èyí tó ń tàn. Ìyá Onígìtá dúró láàárín wọn, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Òun, aránṣọ ẹ̀yìn ibùdókọ̀, ló dúró níbí láti yan tirẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù jáde sí wọn, ọkùnrin gíga kan tó ti awò rẹ̀ sókè síwájú orí. Ó bi ọmọ ní ìbéèrè lédè wọn, ọmọ náà sì yára dá a lóhùn.

"Kí ló sọ?" ni ìyá béèrè.

"Ó ní ta la fẹ́ rà á fún."

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

Ọmọ tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ọrùn kóòtù náà. "Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wo? Ìgbà wo ni mo bí i?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Kó má baà di ọ̀rọ̀ gígùn ni."

Ó dun Ìyá Onígìtá wọnú egungun. Ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú sọdá omi, àṣé ọ̀rọ̀ iléèwé ìjọ́sí ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó ti wù kí gìtá dára tó, òun ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí bí ìyá ọmọkùnrin tí òun ò bí. Kò jiyàn. Ó fa àga kan tí kò ní ẹ̀yìn, ó jókòó, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó sì nawọ́ sí gìtá pupa kan.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé e fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà sípíkà bọ̀. Ìyá Onígìtá gbé ọwọ́ sókè: kó fi wáyà sílẹ̀ ná. Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo ọrùn gìtá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń wo ìṣẹ́tí aṣọ. Ó tọ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ orí ba, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, ó fa okùn kan, ó sì dúró de ohùn.

"Kò sí ẹnì kankan nínú ilé," ló wí, ó sì dá a padà.

Ó gbé àgbọ̀n lé búlúù. "Èyí ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ àsọdùn ló ń sọ." Ó dá a padà. Ó gbé àgbọ̀n lé dúdú, ó yọ ṣùtì.

Oníṣọ́ọ̀bù rọra bá ọmọ sọ̀rọ̀.

"Kí ló tún ní?"

"Ó ń béèrè bóyá eyín ló ń dùn yín."

"Sọ fún un pé eyín mi pé pérépéré. Ọjà rẹ̀ ló ń ṣàìsàn."

"Màámi, wọ́n ń wò wá o." Lóòótọ́, obìnrin kan tó wá ra okùn ti gbàgbé okùn, ó dojú kọ wọ́n.

"Kí wọ́n máa wò. Bí o bá fẹ́ ra aṣọ, ṣé o ò ní fọwọ́ kàn án?"

Ó dìde, ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nítòsí ilẹ̀kùn, nísàlẹ̀ pátápátá, ni wọ́n fi ọ̀kan kọ́ sí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Kò dán, ẹnì kan sì ti ha á lára rí. Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé e, ó fa okùn tó nípọn jù.

Ohùn náà gba eyín ẹ̀yìn, ó gba ìdí etí, ó dé àtàrí. Ìyá Onígìtá rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti fi ọdún gbọọrọ di abẹ́rẹ́ mú rántí ohun mìíràn tó ti mọ̀ tipẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí okùn. Kò rò ó kó tó ta á. Orin tó wá sí i lọ́wọ́ ló ń ta. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ju tín-tín, tín-tín lọ. Oníṣọ́ọ̀bù di wáyà mú, kò mọ ibi tó máa fi í sí.

Ọmọ ò wo oníṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìka ìyá rẹ̀ ló ń wò. Kò gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àwọn ìka yẹn ń lọ kí wọ́n tó débẹ̀.

"Màámi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣé Iná-lọ nìyẹn?"

Ìyá ò gbé àgbọ̀n kúrò. Ó kàn yí ẹ̀yìn gìtá síta díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe létí bẹ́ẹ̀dì láyé ọjọ́un. Kò bẹ̀ ẹ́, kò pè é.

Ọmọ wo ilẹ̀kùn, ó wo obìnrin olókùn. Lẹ́yìn náà, ó yọ yẹtí etí ọ̀tún rẹ̀, ó fi sápò, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà tòun ti kóòtù ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi etí lẹ ẹ̀yìn gìtá. Ó di ojú. Ìyá ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ta á dópin, ó sì tún un ta, nítorí pé ọmọ náà ò tíì dìde.

Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ tutù, kò sì nù ún. Oníṣọ́ọ̀bù bi í ní nǹkan.

"Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ràn rẹ̀," ló sọ fún ìyá rẹ̀.

"Dá a lóhùn."

Ọmọ yíjú sí ọkùnrin náà, ó sì sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ gan-an, kò yára bíi ti àkọ́kọ́. Ó nawọ́ sí ìyá rẹ̀, ó nawọ́ sí gìtá, ó fi ọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù fa awò rẹ̀ sílẹ̀ láti iwájú orí, ó wo Ìyá Onígìtá dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tẹ orí ba fún un. Ó tún béèrè nǹkan kan, ọmọ sì dá a lóhùn ní kúkúrú. Obìnrin olókùn náà rẹ́rìn-ín.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan. Mo ní ẹ̀yin lẹ ni ín, pé ẹ ti ń ta gìtá kí n tó dáyé, pé àgbọ̀n lẹ fi kọ́ ọ nínú òkùnkùn."

"Èyí tó bi ọ́ gbẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ní èmi ńkọ́, ta ni mí."

"O wá ní o jẹ́ ta?"

Ọmọ ti ń fi yẹtí rẹ̀ padà sétí. Ó fi sí i tán kó tó fèsì, ó sì nàró dáadáa.

"Mo ní Ọmọ Onígìtá ni mí."

Ìyá Onígìtá ka owó rẹ̀ lé oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ó tún okùn gìtá rẹ̀ tò, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ wàyí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ó dáa," ló wí. "Sọ fún un kó gbé wáyà rẹ̀ wá. Kó tan sípíkà, kí àwọn tó kù náà gbọ́."